Ìrìn-àjò sí Ìbàdàn: Ọ̀sẹ̀ Kan Nínú Ìwé Iṣẹ́ P&T Ayé Òyìnbó

Ọjọ́ Ajé

Mo kúrò ní Òṣogbo ní ìdájí, mo sì sọ̀kalẹ̀ ní Ìwó Road nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Ohun tí mo bá wá sí Ìbàdàn kò lọ́jú pọ̀: mo fẹ́ ka àwọn ìròyìn ọdọọdún tí ẹ̀ka Posts and Telegraphs, èyí tí àwọn òbí wa mọ̀ sí P&T, ń kọ fún ìjọba amúnisìn, kí n lè rí bí iṣẹ́ lẹ́tà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, irú ènìyàn tí ń ṣe é, àti ẹni tí ẹrù iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀ gan-an. Àwọn tí ń kó sítáǹpù jọ ti kọ̀wé púpọ̀ nípa sítáǹpù, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà béèrè ẹni tí ó ru àpò tí lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní National Archives, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Dike, òpìtàn tí ó padà di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ọ́fíìsì ìjọba ní 1951 láti wo ipò tí àwọn ìwé àtijọ́ wà, ìròyìn tí ó kọ ni ó sì mú kí ìjọba dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1954. Bí kò bá sí ti iṣẹ́ tí ó ṣe yẹn, ikán àti òjò ni ìbá ti bá wa ka ìtàn P&T tán.

Ìlànà ibẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣeré. Ènìyàn gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ ohun tí ó ń wá sínú fọ́ọ̀mù, kí ó san owó díẹ̀, kí ó sì fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Pẹ́ńsùlù nìkan ni wọ́n gbà kí n mú wọlé, nítorí tàdáwà tí ó bá ta sí ìwé àtijọ́ kò ṣeé fọ̀. Màmá tí ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi kà á, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Pósófíìsì kẹ̀, sà? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wá síbí máa ń bá wá.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, mà. Èmi kò ní ẹjọ́ ilẹ̀ kankan. Lẹ́tà ni mo ń wá.”

Ó kó àwọn ìwé atọ́ka fún mi. Fáìlì tí ó bá ní CSO níwájú wá láti ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ìjọba ní Èkó. Oyo Prof jẹ́ ti ọ́fíìsì Résídẹ́ǹtì tí ń ṣàkóso ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ìgbà náà, tí Ìbàdàn àti Òṣogbo wà lábẹ́ rẹ̀. Iba Div sì jẹ́ ti Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà àwọn tí mo fẹ́, wọ́n sì ní kí n padà wá ní ọ̀la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ka iwájú mi ni Blue Book. Gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi irú ìwé yìí ránṣẹ́ sí London lọ́dọọdún, láti sọ iye owó tí ó wọlé, iye tí ó jáde, ọkọ̀ òkun tí ó gúnlẹ̀, àti àwọn tí ìjọba ń sanwó fún. Ní ojú ìwé tí ó kan ẹ̀ka lẹ́tà, wọ́n fa ìlà láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ sí ààrin wọn: orúkọ ipò, orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, ẹni tí ó gbà á, owó rẹ̀ lọ́dún, bóyá ìjọba fún un ní ilé, bóyá owó ìfẹ̀yìntì tọ́ sí i. Bí ojú mi ti ń sọ̀kalẹ̀ ni owó ń dínkù, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ń kúrú. Ọ̀gá àgbà ní orúkọ kíkún àti oyè. Àwọn akọ̀wé ní orúkọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pín lẹ́tà àti àwọn tí ń ru àpò, orúkọ ti tán. Iye wọn àti owó gbogbo wọn lápapọ̀ ni ó kù.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ kí ó tó dé ojú ìwé yìí. Ní 1852 ni African Steam Ship Company gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti máa gbé lẹ́tà wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lóṣooṣù, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ pósófíìsì ní Èkó, ọdún mẹ́sàn-án kí Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ìlú náà di tirẹ̀ ní 1861. Sítáǹpù tí ó ní orúkọ Lagos lórí jáde ní oṣù kẹfà 1874 pẹ̀lú àwòrán ọbabìnrin Victoria. Ní 1879 Lagos wọ inú Universal Postal Union, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń bá ara wọn gbé lẹ́tà. Ní 1886 okùn wáyà tí ó gba abẹ́ òkun kọjá gúnlẹ̀ sí Èkó. Ní 1906 wọ́n da Lagos pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, ní 1914 wọ́n sì da Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, ni sítáǹpù tí ó ní orúkọ Nigeria àti orí ọba George Karùn-ún bá jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà. Gbogbo ìdàpọ̀ wọ̀nyí ni ó ń fi kún ilẹ̀ tí àwọn akọ̀wé díẹ̀ ní láti máa fi lẹ́tà kárí.

Ìròyìn ọdọọdún ẹ̀ka náà dùn ún kà ju Blue Book lọ, nítorí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí iye. Ètò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: òṣìṣẹ́, lẹ́tà àti ìwé ìròyìn, ẹrù tí a fi ránṣẹ́, lẹ́tà rẹ́jísítà, mọ́níọ́dà àti pọ́sítà ọ́dà, báńkì ìfowópamọ́, wáyà, tẹlifóònù, owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Abẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo pẹ́ sí jù. Ẹni tí ó kú wà níbẹ̀, ẹni tí àìsàn mú kí wọ́n dá padà sí ilé wà níbẹ̀, ìsinmi àwọn òyìnbó sì gba àyè gbọ̀ọ̀rọ̀, nítorí pé òun gan-an ni ó ń pinnu bí ọ́fíìsì ṣe ń lọ. Òyìnbó tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa fún ọdún kan, tí ó di ọdún kan àbọ̀ nígbà tí ó yá, a wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilé fún oṣù bíi mẹ́rin. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a wá gba ipò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìyẹn náà a sì gba ti ìyẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti rí oṣù kan láàrin ọdún tí gbogbo ènìyàn wà ní àyè ara rẹ̀.

Ẹni tí àyè tí ó ṣófo yìí ń já lé lórí ni akọ̀wé ọmọ ilẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n kọ European sí lórí nínú ètò ìsúná kì í ṣe ipò tí wọ́n ń retí pé yóò gùn dé. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ni ó ṣe iṣẹ́ lẹ́tà fún wa ní ìgbà náà. Ẹni tí ó bá ka abala òṣìṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀léra kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Òyìnbó ń lọ, ó ń bọ̀. Akọ̀wé ni ó wà níbẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá.

Láti ibo ni wọ́n ti ń rí àwọn akọ̀wé náà? Àwọn Sàró tí ìdílé wọn padà wá láti Sierra Leone àti àwọn ọmọ Gold Coast, Ghana òde òní, pọ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ó jáde ní C.M.S. Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859 àti Methodist Boys’ High School ti 1878. Ìbàdàn kò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga irú rẹ̀ títí Ibadan Grammar School fi bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá ti ka ìwé dé Standard Six, tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára, lè kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí yóò máa tẹ wáyà ní láti kọ́ àmì Morse títí etí rẹ̀ yóò fi máa gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Nípa bí ọdún ṣe ń yí, òjò àti kòkó ni ó ń darí rẹ̀ ju kàlẹ́ńdà lọ. Nígbà tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá dé, igi a wó lu okùn wáyà nínú igbó, àwọn tí ń tún okùn ṣe a sì ní láti fi ẹsẹ̀ tọ ojú ọ̀nà rẹ̀ títí wọn yóò fi rí ibi tí ó ti já. Nígbà ọyẹ́, iná ìgbẹ́ ni ọ̀tá òpó. Kòkó ìkórè ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, nígbà náà ni wáyà iye owó ọjà ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin àwọn oníṣòwò òyìnbó ní Ìbàdàn àti àwọn ọ̀gá wọn ní Èkó àti Liverpool, tí owó ń wọ báńkì ìfowópamọ́, tí àwọn tí ó ta kòkó sì ń ra pọ́sítà ọ́dà láti fi béèrè ọjà láti inú ìwé àwòrán tí ilé ìtajà òkè òkun ń fi ránṣẹ́. Kérésìmesì a tún gun un lórí. Sítáǹpù kọ́bọ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1936 ní àwòrán kòkó lórí. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó sọ òótọ́ nípa owó iṣẹ́ lẹ́tà ní Ìbàdàn tó o.

Ọjọ́rú

Mo fi ìwé sílẹ̀ lónìí, mo wọ míkírà láti ẹnu géètì yunifásítì, mo gba Sángo àti Mọ́kọ́lá bọ́ sí Dùgbẹ̀.

Ibi tí pósófíìsì àgbà wà yẹ kí ó ya ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́ lẹ́nu. Ìlú gan-an ni Ọjàaba, Mápó, Bẹẹrẹ, Òjé àti Kúdẹtì. Dùgbẹ̀ jìnnà sí gbogbo wọn fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ìdí tí lẹ́tà fi wá tẹ̀dó síbí kò ju ojú irin lọ. Ìdíkọ̀ ojú irin àtijọ́ kò jìnnà sí pósófíìsì rárá, mo sì rin ààrin wọn lẹ́ẹ̀mejì láàrin àwọn ọlọ́jà àti ọlọ́kadà, mo ń fojú inú wo ẹni tí ó fi orí ru àpò lẹ́tà gba ibẹ̀ kọjá. Cocoa House tí gbogbo ènìyàn fi ń júwe Dùgbẹ̀ lónìí kò tíì sí nígbà náà. 1965 ni wọ́n parí rẹ̀.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ẹsẹ̀ ènìyàn ni lẹ́tà ń gùn wá sí Ìbàdàn, bí ọ̀nà bá ṣí ni. David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ ní Kúdẹtì ní 1853, mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà tí ó gba Abẹ́òkúta dí, ti Ìjẹ̀bú náà sì dí, tí lẹ́tà àti owó tí wọ́n ń retí láti etí òkun fi di ohun àwátì. Ogun Kírìjì tún dí ọ̀nà láti 1877. Lẹ́yìn ogun Ìjẹ̀bú ní 1892 àti ìwé àdéhùn tí Ìbàdàn fọwọ́ sí ní 1893, tí Captain Bower wá jókòó gẹ́gẹ́ bí Résídẹ́ǹtì, ni ìjọba Èkó tó rí ọ̀nà rán lẹ́tà lóòrèkóòrè sí òkè. Àwọn asárélẹ́tà ni ó ń gbé e, tí ọ̀kan ń gba àpò lọ́wọ́ èkejì ní ojú ọ̀nà. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo ń wá nínú ìwé lánàá, àwọn wọ̀nyí ni mo rò jù, nítorí pé bí àpò bá pẹ́, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi, bí ó bá sì dé ní àsìkò, orúkọ ọ́fíìsì ni ó ń lọ sínú ìròyìn.

Ní oṣù kẹta 1901 ni Gómìnà William MacGregor ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, nǹkan bí 120 máìlì. Ìrìn tí ó ń gba asárélẹ́tà ní ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Irin náà dé Òṣogbo wa ní 1907, nígbà tí ó sì fi máa di 1912, ènìyàn ti lè wọ ọkọ̀ láti Èkó dé Kánò. Fún P&T, èyí kò dín òṣìṣẹ́ kù bí ènìyàn ṣe lè rò; ńṣe ni ó yí irú wọn padà. Wọ́n nílò àwọn tí yóò dúró de ọkọ̀ ní ìdíkọ̀ ní gbogbo wákàtí, wọ́n sì nílò àwọn akọ̀wé tí ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bí ó ṣe ń sáré lọ. Lẹ́tà tí wọ́n bá lù ní òǹtẹ̀ níbẹ̀ ń gba T.P.O., ìyẹn Travelling Post Office, pósófíìsì inú ọkọ̀, dípò orúkọ ìlú, àwọn akósítáǹpùjọ sì ń fi owó gidi wá a báyìí. Àwọn asárélẹ́tà kò sì tán: láti ìdíkọ̀ wọ inú àwọn ìlú tí irin kò kàn, ẹsẹ̀ ni, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà lọ́rì. Ọ̀nà kan náà tí lẹ́tà ń gbà ni àìsàn gbà. Àrùn gágá ti 1918 bá ọkọ̀ òkun dé Èkó ní oṣù kẹsàn-án, ó sì tẹ̀lé ojú irin wọ òkè. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pàdé gbogbo ọkọ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí.

Mo jókòó díẹ̀ níwájú pósófíìsì. Níbí ni àwọn akọ̀wé alágbàṣe, tí àwọn ènìyàn ń pè ní lẹ́tà ráítà, ń tẹ́ tábìlì sí nígbà kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní lẹ́tà láti fi ránṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n kọ, nítorí náà akọ̀wé tí kò sí nínú ìwé owó ìjọba ni ó ń mú kí ìjọba rí sítáǹpù tà. Òfin kan tilẹ̀ jáde nítorí wọn ní 1915, èyí tí ó pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì náà kò rọrùn. Agbo ilé ni a fi ń mọ ènìyàn ní Ìbàdàn: ọmọ ilé ta ni, lẹ́yìn ọjà wo. Apínlẹ́tà ní láti mọ ìtàn ìdílé kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì ń ní kí wọ́n fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn wọn ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí apá wọn ká a a sì yá àpótí lẹ́tà ní Dùgbẹ̀ níbí. Nọ́ńbà tí a ń rí lára ògiri títí di òní, SW ní Òkè-Adó, N àti E ní apá ibòmíràn, ran apínlẹ́tà lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n mo ṣì gbọ́ tí ọkùnrin kan ń júwe ilé fún awakọ̀ lónìí: “Bí ẹ bá dé ilé Alhaji, ẹ bi wọ́n léèrè.”

Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rẹ́ kan mú mi lọ sí Òkè-Adó lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó wọ iṣẹ́ P&T ní ọdún díẹ̀ kí orílẹ̀-èdè yìí tó gba òmìnira. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìsinmi o.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde, jókòó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ P&T ni o bá wá. Èwo nínú rẹ̀?”

Mo ní kí wọ́n sọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní pósófíìsì. Bàbá kò ronú kí wọ́n tó dáhùn. “Àpò ti ń dúró dè wá. Ẹnì kan kì í dá tú àpò. Ẹni méjì ni: ọ̀kan ń yẹ èdìdì wò bóyá wọ́n ti fọwọ́ kàn án, èkejì di ìwé tí ó bá a wá mú. Lẹ́tà rẹ́jísítà ni a ó kọ́kọ́ kà. Bí ọ̀kan bá dín, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyókù.”

“Òǹtẹ̀ ńkọ́, Bàbá?”

“Ọjọ́ rẹ̀ ni o ó kọ́kọ́ yí padà. Lẹ́yìn náà o ó lù ú sínú ìwé kan tí ó wà fún un, kí ọ̀gá lè rí i pé ọjọ́ òní ni o fi ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà tí ó bá ní ọjọ́ àná lára ti di ẹjọ́ nìyẹn.”

“Bí owó bá dín nídìí káńtà ńkọ́, sà?”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. “Owó oṣù rẹ ni yóò dí i! Tọ́rọ́ ni o, sísì ni o, ìwọ ni o ó san án. A máa ń ka sítáǹpù bí ẹni ń ka owó, nítorí owó náà ni.”

Bàbá sọ pé àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, àwọn àgbà akọ̀wé tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ogun Hitler. Mo ti kà nípa ìgbà ogun náà. Lẹ́tà tí ń lọ sí òkè òkun ń gba ọwọ́ àwọn ayẹ̀wéwò kọjá, wọ́n ń tú u, wọ́n sì ń fi bébà lẹ̀ ẹ́ padà. Ọkọ̀ òkun Elder Dempster tí ń gbé lẹ́tà láti Liverpool kò sì bọ́: ọkọ̀ tí ń jẹ́ Accra rì ní oṣù keje 1940, Apapa ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Abosso ní oṣù kẹwàá 1942. Ọkọ̀ òfuurufú ti ń gbé lẹ́tà dé Nàìjíríà láti 1936, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, akọ̀wé tí ó wà nídìí káńtà ni ìyá ọmọ ogun ń bi pé kí ló dé tí lẹ́tà ọmọ òun kò wá.

Ohun tí Bàbá sọ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn aṣojú pósófíìsì ní ìlú kéékèèké. Ìjọba kì í kọ́ ọ́fíìsì síbẹ̀. Tíṣà tàbí olùkọ́ni ìjọ ni wọ́n ń fún ní iṣẹ́ náà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀ tí kò tó nǹkan. Ó ní àpótí kan tí ó ní àgádágodo, ó ní òǹtẹ̀, ó ní sítáǹpù tí wọ́n kà fún un. Bí ilé ìwé bá parí ní ọ̀sán, a ṣí àpótí. “Ẹni bẹ́ẹ̀,” Bàbá ní, “òun ni ó ń ka lẹ́tà fún ẹni tí lẹ́tà wá fún, òun ni ó ń bá a kọ èsì rẹ̀, òun ni ó tún ń lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú wà níkùn rẹ̀.” Ìjọba gba gbogbo ìyẹn ní iye owó tí kò tó ti akọ̀wé kan. Mo gbà pé ọgbọ́n àtifowópamọ́ ni. Mo sì gbà pé àwọn tí a fi pa á mọ́ ni wọ́n san ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo padà sí National Archives ní òwúrọ̀ fún fáìlì tí ó kan ìyanṣẹ́lódì 1945, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí kò ní orúkọ nínú Blue Book ti sọ̀rọ̀ fúnra wọn.

Ogun ti gbé owó ọjà sókè, owó iṣẹ́ sì dúró sí ojú kan láti 1942 tí wọ́n ti fi díẹ̀ kún un kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba rí nǹkan fi kún ti àwọn òyìnbó. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè àfikún ìdajì owó tí wọ́n ń gbà láti fi kojú ọ̀wọ́n ọjà, wọ́n sì ní kí owó alágbàṣe tí ó kéré jù má dín ní ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́. Nígbà tí ìjọba kọ̀, ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógún, tí ti ojú irin àti ti P&T wà nínú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà 1945, wọn kò sì padà fún ohun tí ó lé ní oṣù kan. Gómìnà Arthur Richards ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa nítorí ọ̀rọ̀ náà. Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí orúkọ rẹ̀ gba gbogbo ẹnu nígbà náà, kò ṣàjèjì sí P&T: ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1928 lára àwọn tí ń tún okùn wáyà ṣe, kí ó tó lọ sí ojú irin. Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ wá okùn tí ó já nínú igbó nígbà òjò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé owó ojúmọ́ fún un.

Ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wo ọ̀rọ̀ owó náà, gbà ní 1946 pé ìbéèrè wọn tọ́, wọ́n sì fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ náà. Ní 1948 ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀, tí Nnamdi Azikiwe wà nínú rẹ̀, jókòó lórí bí wọn yóò ṣe máa gba ọmọ ilẹ̀ yìí sí ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba. Àwọn ìròyìn P&T tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí ènìyàn kà mọ́ ti ìṣáájú, kí ó wo bí orúkọ Yorùbá, Ìgbò àti Ẹdó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú ìwé lọ sókè, sí ibi tí owó ti pọ̀ tí ọ̀rọ̀ sì ti gùn. Ìlú tí wọ́n ń pín lẹ́tà fún náà ti yí padà: ìkànìyàn 1952 fi Ìbàdàn sí 459,196, ìlú náà ti di olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn, yunifásítì sì ti ń mú lẹ́tà àti ìwé wọlé láti gbogbo ayé.

Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, Nàìjíríà wọ Universal Postal Union ní orúkọ ara rẹ̀. P&T wà bẹ́ẹ̀ títí di 1985 tí wọ́n ya tẹlifóònù àti wáyà kúrò lára lẹ́tà, tí NITEL gba tirẹ̀ lọ, tí NIPOST sì gba tirẹ̀. Bàbá ti sọ fún mi lánàá pé ọjọ́ náà ni àwọn tí wọ́n jọ kọ́ Morse àti àwọn tí wọ́n jọ ń tú àpò di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ méjì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó oṣù wé ara wọn.

Mo san owó àwọn ojú ìwé tí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Màmá tí ó wà ní tábìlì béèrè bóyá mo rí lẹ́tà tí mo ń wá. Mo ní mo rí àwọn tí ó gbé e, mà. Mo ti kọ nọ́ńbà àwọn fáìlì Oyo Prof tí ó kan àwọn aṣojú pósófíìsì ní agbègbè Òṣogbo sílẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí orúkọ àwọn tíṣà wọ̀nyẹn ti jáde, nínú lẹ́tà tí àwọn fúnra wọn kọ sí Résídẹ́ǹtì láti béèrè owó wọn. Ọkọ̀ Òṣogbo kún ní Ìwó Road ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán.